Ta ló máa wa Porsche 911 GT1 láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ, láti Ìsánlú:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ Àìkú, a ò rẹ́ni là wá. Ó ní àwọn ọkọ̀ bíi Porsche 911 GT1 àti Mercedes CLK GTR, ọkọ̀ títì ni wọ́n, torí wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n ní ìwé, ọlọ́pàá ò lè rí nǹkan kan wí sí wọn. Èmi ní irọ́ ni. Ọkọ̀ ìdíje oníwákàtí 24 ni wọ́n, wọ́n kàn fi nọ́ńbà bò wọ́n lójú kí wọ́n lè wọ ìdíje ni. Ẹ bá wa dá a. Ẹ sì tún dáhùn èyí fún mi: bí ọmọ ilẹ̀ wa kan bá rówó ra ọ̀kan, ṣé ó lè wà á láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ nígbà Kérésì?

*

Àbúrò mi, ọ̀kun o. Ẹjọ́ yín ò le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jàre tán nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ò gbà pé nọ́ńbà ló ń sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ títì. Láti ọdún tí mo ti ṣe fúrídọ̀mù ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kàbà, mo sì ti rí ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré tí kò lè dé Ìyàrà láìdúró lọ́nà. Ohun tí mo máa ń wò lára ọkọ̀ ni ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣé ẹni tó máa gbé ìyàwó àti báàgì sínú ẹ̀ lọ sílé àna ni, àbí awakọ̀ tó máa fò jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí ò mọ̀ nípa ẹ̀. Le Mans, nílẹ̀ Faransé, ni olórí ìdíje yìí. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wákàtí 24 ni wọ́n fi ń sá a, ọ̀sán àti òru. Ìyípo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 14, apá kan ibẹ̀ sì jẹ́ títì tí ará ìlú ń gbà lọ sóko àti sọ́jà nígbà tí kò bá sí ìdíje. Ọkọ̀ tí èèyàn lè rà kó sì wà lọ sílé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni ọkọ̀ ìdíje àti ọkọ̀ títì pínyà, àmọ́ àwọn tó ń ṣòfin ò yé fẹ́ kí wọ́n padà bá ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún ilé iṣẹ́ nígbà mìíràn pé: kí ọkọ̀ yín tó díje ní irú ìpele yìí, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe irú ẹ̀ díẹ̀ tí èèyàn lè wà lójú títì. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yín ti wá.

*

Ẹnìkan láti Lọ́kọ́ja bọ́ síi, ó ní: “Nọ́ńbà ni nọ́ńbà. Bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe.”

Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo Mercedes CLK GTR tí àbúrò wa dárúkọ. Inú 1997 ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ọdún yẹn náà ló gba ife-ẹ̀yẹ FIA GT, ìdíje àjọ àgbáyé tó ń rí sí eré ọkọ̀, kí oníbàárà kankan tó gba kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Ìparí 1998 síwájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ti títì fún àwọn tó sanwó: 20 tó ní òrùlé àti 6 tí kò ní. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ní sìlíńdà 12, lítà 6.9. Owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀, débi tí ìwé àkọsílẹ̀ Guinness fi kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé kò sí ọkọ̀ tuntun tó wọ́n tó o. Ọmọ ti dàgbà, ó ti gbéyàwó, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé ẹ máa wá sọ fún mi pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn ni wọ́n bí i?

Ti Toyota tún burú jùyẹn. GT-One ni wọ́n pè é, TS020, tó díje ní 1998 àti 1999. Òfin ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè tí àpótí ìrìn-àjò kan lè wọ̀, torí ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ títì á lẹ́rù. Toyota sọ fún àwọn olùyẹ̀wò pé táǹkì epo àwọn, tó bá ṣófo, àpótí náà á wọ inú ẹ̀. Wọ́n sì gbà! Ọkọ̀ méjì péré ni wọ́n ṣe fún títì, ọ̀kan nílẹ̀ Jámánì, ọ̀kan ní Japan. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn o, ìrísí ẹ̀ dùn ún wò. Ó sì dùn mí pé táyà bẹ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní 1999 nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje parí, ó sì ṣe ipò kejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹ ò lè kó báàgì sí àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà epo ẹ̀ nù, ọkọ̀ títì kọ́ nìyẹn.

Ìyá gbogbo wọn ni Dauer 962. Porsche 962 ti ń díje láti 1984, ọkọ̀ ìdíje pọ́ńbélé ni. Ní 1994, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Jochen Dauer mú un, ó fi ìjókòó kejì síi, ó wá àyè báàgì díẹ̀ fún un, ó bá a gba ìwé títì. Porsche tì í lẹ́yìn, wọ́n gbé e wọ Le Mans lábẹ́ orúkọ ọkọ̀ títì, ó sì borí gbogbo ayé lọ́dún náà. Àwọn yòókù pariwo, òfin sì yí padà. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé ni wọ́n ṣe, wọn ò ṣe ọkọ̀.

*

Nítorí náà, àbúrò mi, ní ti Mercedes àti Toyota, ìwọ lo jàre ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ. Ní ti Porsche 911 GT1, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Iwájú ẹ̀ wá látinú 911 tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá látara 962. Ẹ́ńjìnì lítà 3.2, tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i), agbára ẹṣin 544 fún ti títì. Nǹkan bí 20 ni wọ́n ṣe. Ìdajì ẹ̀ mọ ilé, ìdajì ẹ̀ ò mọ̀.

*

Bàbá kan tó ti wa tírélà símẹ́ńtì láti Ọbájánà fún ọ̀pọ̀ ọdún kọ èyí: “Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ohun tó kàn mí nípa òfin wọn. Ọkọ̀ títì ni ọkọ̀ tí wọ́n wà lójú títì. Ẹ sọ ọ̀kan tí wọ́n wà fún mi.”

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yín bá mi lára mu, mo sì ní ọ̀kan fún yín.

Porsche 917. Ní oṣù kẹrin 1969, Porsche to 25 nínú ẹ̀ sílẹ̀ níta ilé iṣẹ́ wọn kí àwọn aṣojú ìdíje wá kà wọ́n, torí òfin ní 25 ni. Ferdinand Piëch, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ọkọ̀ ìdíje Porsche, ní kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n kí wọ́n wà á wò. Kò sí èyí tó ní nọ́ńbà títì níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló gba Le Mans ní 1970 àti 1971, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà sì ń bẹ̀rù ẹ̀.

Ní 1975, Gregorio Rossi, ọmọ ìdílé tó ń ṣe ọtí Martini, gba ọ̀kan, ó ní òun fẹ́ máa wà á nígboro. Wọ́n fi díńgí ẹ̀gbẹ́ síi, wọ́n fi sàlẹ́ńsà síi kí ariwo ẹ̀ lè rọlẹ̀, wọ́n fi awọ bo ìjókòó. Alabama ní Amẹ́ríkà ló fún un ní nọ́ńbà. Ó jókòó sínú ẹ̀, ó wà á láti Stuttgart dé Paris.

Ẹ rí i, Bàbá, láàárín èyí àti CLK GTR tó wà lábẹ́ aṣọ nínú gáréèjì olówó, 917 yẹn ni mo máa bọ̀wọ̀ fún. Wọn ò ṣe é fún títì rárá, kò sẹ́ni tó parọ́ pé wọ́n ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà á, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lórí klọ́ọ̀ṣì, lórí ọ̀nà tó lé ní 600 kìlómítà.

*

Bàbá dá mi lóhùn: “Ìrìn-àjò kan ò sọni di onímọ́tò. Èmi ń lọ Èkó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóṣù.”

Òótọ́ ni, Bàbá. Mo gbà fún yín níbẹ̀.

*

Ẹnìkan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní mò ń ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ tó fara mọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan àgbàyanu, pé àwọn ọmọ Àbújá ń gbé irú ẹ̀ wálé lọ́dọọdún. Jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí.

Ní Kérésì kan, ọmọ ilẹ̀ wa kan gbé ọkọ̀ eré kan bọ̀ wálé. Tòkunbọ̀ ni, ó mọ́ tónítóní, kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ ìdíje. Ó pè mí nírọ̀lẹ́ pé òun há sórí bọ́ǹpù nítòsí Mọ́pà. Mo mú ọmọ iṣẹ́ méjì, mo gbé pákó mẹ́rin sẹ́yìn Hilux, a lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, èrò ti yí i ká. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo tan iná fóònù. Bọ́ǹpù yẹn ti wọ abẹ́ ọkọ̀ títí dé àárín, táyà iwájú ti kọjá, tẹ̀yìn ò tíì gùn ún, ikùn ọkọ̀ sì jókòó lórí ẹ̀ bí àgbébọ̀ tó sàba. Ike tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnì ti fà ya. Ọ́ìlì ń kán, tó, tó, tó, sórí kọlitá. Mo fi fóònù ara mi wọn ibi tó fi ga jù nílẹ̀, nítòsí táyà: nígbà tí mo gbé fóònù náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Nígbà tí mo dá a dúró, ó kọ̀. A fi jáàkì gbé e, a ti pákó sábẹ́ táyà, a tún gbé e, a tún tì. Bọ́ǹpù mẹ́ta ló wà láàárín ibi tó há sí àti ilé bàbá ẹ̀. Ó ju wákàtí méjì lọ kó tó délé. Ọmọkùnrin yẹn fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ títí, ó ń di ilẹ̀kùn ẹ̀ mú bí ẹni ń mú aláìsàn lọ ọsibítù. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ yẹn.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí: ọkọ̀ títì nìyẹn o. Rọ́bà wà láàárín irin ẹsẹ̀ ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ rọ̀. Lára ọkọ̀ ìdíje, irin ló ń kan irin, torí wọn ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹ̀ bí ó ti wù kó kéré tó. Abẹ́ ẹ̀ tún tẹ́jú pẹrẹsẹ ni, kí afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé e ga kó lè kọjá bọ́ǹpù, ẹ ti ba iṣẹ́ tí abẹ́ yẹn ń ṣe jẹ́.

*

Ìbéèrè kúkúrú kan wọlé: “Ṣé kì í ṣe kí wọ́n kàn máa rọra wà á ni?”

Rírọra gan-an ni wàhálà ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ mú ọkọ̀ yẹn wọ Kàbà ní ọjọ́ ọjà. Rẹdiétọ̀ ọkọ̀ ìdíje, afẹ́fẹ́ tó ń ya wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n fọkàn tẹ̀ pé á tù ú. Nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ, tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà dí i lójú, kò sí afẹ́fẹ́ kankan. Klọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ò mọ “díẹ̀díẹ̀”, ó di mú tàbí ó tú sílẹ̀. Tí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ tan án jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó kọjá ọjà, ó máa jóná. Bíréèkì kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò ní ìdíje náà ò ní di ọkọ̀ mú dáadáa nígbà tó bá tutù, àfi kó gbóná ná. Àti epo: ẹ́ńjìnì tọ́bò méjì fẹ́ bẹntiróò tó lágbára. Tó bá rí èyí tí wọ́n ti lú, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì.

*

Ọmọ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan láti Ẹ̀gbẹ̀ bi mí bóyá òun lè tún ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe bí ó bá gbá nǹkan. Inú mi dùn sí ìbéèrè rẹ, àbúrò, torí kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹ̀.

O ò lè fi òòlù tún un ṣe. Kábọ́ọ̀nù ni ara wọn, òwú dúdú tí wọ́n hun bí aṣọ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù rẹ, tí wọ́n sì sè nínú ààrò. Irin tó bá tẹ̀ á jẹ́ kó o nà á padà. Kábọ́ọ̀nù kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń là, nígbà mìíràn inú ló ti máa là tí ojú ò ní rí nǹkan kan. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ló di egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn so mọ́. Tó o bá tú ẹ́ńjìnì, ìdajì ọkọ̀ ti bá a lọ. Kò sí ibi tá a ti lè tún un ṣe láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, mo sì mọ gbogbo wa.

*

Mo ti ṣáátá púpọ̀, ẹ jẹ́ n yin àwọn tó yẹ.

Jaguar XKSS, 1957. D-Type, ọkọ̀ ìdíje wọn, ti ń gba Le Mans, àwọn tí wọn ò rí tà ṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì fún ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi gíláàsì iwájú àti òrùlé aṣọ síi, wọ́n gé ìrù tó ga lẹ́yìn awakọ̀ kúrò. Iná jó ilé iṣẹ́ náà ní oṣù kejì ọdún yẹn, mẹ́sàn-án jóná. 16 ló kù fún ayé. Steve McQueen òṣèré ní ọ̀kan, ó sì wà á dáadáa.

Ford GT40 náà. Ọkọ̀ tó gba Le Mans ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léraléra, 1966 sí 1969. Wọ́n ṣe méje tí wọ́n pè ní Mk III fún títì: wọ́n fa ẹ̀yìn ẹ̀ gùn kí àpótí ẹrù lè wọ̀, wọ́n gbé ọ̀pá gíà wá sáàárín. Ẹni tó fa ẹ̀yìn ọkọ̀ gùn torí ẹrù, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló rò. Ẹ fi wé Toyota àti táǹkì epo ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni McLaren F1. Gordon Murray ò ní ìdíje lọ́kàn nígbà tó ń yà á. Ọkọ̀ títì ló fẹ́: awakọ̀ jókòó sáàárín gbùngbùn, èrò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, àyè báàgì wà ní ìhà méjèèjì, ẹ́ńjìnì BMW oní-sìlíńdà 12 tí kò ní tọ́bò. Àwọn oníbàárà ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn fi díje. Ní 1995 wọ́n gbé e lọ Le Mans, ó gba ipò kìíní, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, níwájú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìdíje nìkan. 106 ni gbogbo ẹ̀, ti ìdíje àti ti títì. Ní 1997 ni wọ́n wá ṣe mẹ́ta péré tó gùn lẹ́yìn, F1 GT, kí òfin lè gbà fún ti ìdíje tuntun. Ọkọ̀ títì bí ọkọ̀ ìdíje, ọkọ̀ ìdíje tún padà bí ọkọ̀ títì.

*

Ẹnìkan ní ṣé nǹkan yìí ti parí ni, ṣé kò sí lóde òní.

Ó wà, ó kàn yí padà. Aston Martin Valkyrie ti jẹ́ ọkọ̀ títì kó tó wọ Le Mans ní 2025, bíi ti McLaren. Ferrari 499P tó gbà á ní 2023, 2024 àti 2025 ní irú kan tí wọ́n ń tà fún olówó, ṣùgbọ́n pápá ìdíje nìkan ni wọ́n ti lè wà á, kò ní nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn òótọ́ inú ti Ferrari yẹn. Wọn ò pe ewúrẹ́ ní àgùntàn.

*

Àbúrò mi ní Ìsánlú, mo ti padà sọ́dọ̀ rẹ.

911 GT1 láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀: kò ní dé. Á kúrò ní Kàbà, bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù tí ọjà ò tíì kún. Á gba Ayétòrò kọjá pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bọ́ǹpù àti kòtò tó wà ṣáájú Mọ́pà ló máa dá a dúró, bí kò bá sí ẹni tó ń gbé pákó tẹ̀ lé e. CLK GTR ò ní dé Ayétòrò. GT-One, ẹ má tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́kan sí i.

McLaren F1 nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí Hilux kan ṣíwájú kó máa fi iná sọ ibi tí kòtò wà. Kó má gbé ju báàgì kékeré méjì. Kó rọ epo níbi tó dá a lójú kó tó gbéra.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ pé ó jàre lórí McLaren, ìwọ náà jàre lórí Mercedes, kẹ́ ẹ pín Porsche sí méjì. Bí olówó yẹn bá sì dé lóòótọ́, kó pè mí kó tó kúrò ní Kàbà, kó má ṣe dúró dìgbà tó bá há. Pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi.